Lílì Tí Heizo Gbé Síwájú Fumie

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí Heizo Kurata ka àwọn tí kò mọ nǹkan kan nínú ìlú Omachi, ilẹ̀ á ṣú bá a lẹ́nu rẹ̀. Ogójì ọdún ló fi ta òdòdó lódìkejì ibùdókọ̀ ojú irin. Ọdún mẹ́ta rèé tó ti ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, ṣùgbọ́n kò ti ẹnu tó fi ń bú àwọn oníbàárà mọ́ ọn. Àwọn tó ń ra òdòdó inú ọ̀rá ní ilé ìtajà ńlá, ó ní ẹni tó bá lè jẹ ìrẹsì tí ẹlòmíràn jẹ kù ló lè ra irú ẹ̀. Àwọn tó ń fi sísọ́ọ̀sì bébà gé igi òdòdó, ó ní kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kí irú wọn mú ọ̀bẹ dání. Àlùfáà tẹ́ḿpìlì pàápàá kò mú un jẹ: ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin náà fi ń to òdòdó síwájú ère, kò sì tíì mọ̀ pé èyí tó ga jù kì í dúró sí àárín gbùngbùn bí ọlọ́pàá.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí Heizo ń fojú tín-ín-rín wò tó aládùúgbò rẹ̀, Ìyá Nezu. Opó ni, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ó ní ológbò mẹ́rin, kò sì sí ọjọ́ tí irun ológbò kì í sí lára aṣọ rẹ̀. Ìyẹn kọ́ tiẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé òdòdó rọ́bà ló wà lórí pẹpẹ tó fi ń rántí ọkọ rẹ̀ nínú ilé.

"Rọ́bà ló ń gbé síwájú òkú," ni Heizo máa ń wí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́. "Ọkùnrin yẹn á ti máa sín níbi tó wà, nítorí eruku."

Fumie, ìyàwó rẹ̀, á ní, "Ọ̀gá, ẹ rọra. Ògiri wa fẹ́lẹ́."

Ọ̀gá ló ń pè é láti ìgbà tó wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n tó fẹ́ra. Ó kọ́kọ́ ń pè é bẹ́ẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tó yá, ó di àwàdà.

Fumie kú ní oṣù kẹta. Wọn kò bímọ. Ohun ẹlẹ́mìí kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún Heizo ni ológbò kan tó ń jẹ́ Goma, ìyẹn yánmọtí, nítorí pé ara rẹ̀ funfun, ó sì ní tóótòòtó dúdú wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí èèyàn wọ́n yánmọtí sórí ìrẹsì. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni Fumie rí i lábẹ́ báàfù kan ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ náà ni Heizo ti ń pè é ní olè, ọ̀lẹ, ajẹun-má-ṣiṣẹ́. Goma náà kò kà á sí. Bí Heizo bá wọlé, á gbé ojú sókè, á wò ó, á sì sùn padà, bí ẹni tó rò pé ẹlòmíràn tó ṣe pàtàkì ló dé.

Ọjọ́ méjì kí Fumie tó kú, nílé ìwòsàn, ó di Heizo lọ́wọ́ mú.

"Ọ̀gá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Goma tètè tẹ̀lé mi."

"Ológbò tó sanra tó yẹn?" ni Heizo dáhùn. "Ibo ló fẹ́ rìn dé?"

Fumie rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó rín kẹ́yìn nìyẹn, nítorí náà Heizo kà á sí ìlérí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ kò sọ pé òun ṣèlérí. Àràárọ̀ ló ń bu oúnjẹ fún Goma láti ìgbà náà, tó ń bú u, tó sì ń dúró tì í títí á fi jẹ ẹ́ tán.

Ní oṣù kẹjọ, Obon dé, ọjọ́ mẹ́rin tí àwọn òkú fi ń wá bá ará ilé wọn. Àkọ́kọ́ Fumie nìyí láti ìgbà tó ti kú, àkọ́kọ́ kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Heizo fi kùkúḿbà ṣe ẹṣin tí Fumie máa gùn wálé kíákíá, ó fi ìkàn dúdú ṣe màlúù tó máa gbé e padà jẹ́jẹ́, ó ki igi tín-ín-rín mẹ́rin mẹ́rin bọ̀ wọ́n lábẹ́ fún ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ti ránṣẹ́ sí àgbàlagbà kan tó ń fún un lọ́jà láyé ọjọ́un ní Matsumoto, pé kó bá òun wá lílì funfun igi mẹ́wàá, kí mẹ́ta ti ṣí, kí mẹ́rin fẹ́ ṣí, kí mẹ́ta ṣì di ẹnu. Nígbà tí wọ́n dé, ó jókòó tì wọ́n bíi aránṣọ tó fẹ́ rán ẹ̀wù ọba. Nínú òdòdó lílì kọ̀ọ̀kan, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà ló máa ń wà, orí okùn náà ló sì máa ń ní lẹ́búlẹ́bú pupa rúsúrúsú tó jẹ́ pé bó bá kan aṣọ, ó di àbàwọ́n tí kì í lọ mọ́. Heizo fi èékánná já orí gbogbo okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí lẹ́bú tó tú. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Àwọn ilé ìtajà ńlá kì í ṣe é.

Ó to wọ́n sínú ìgò, ó gbé e síwájú fọ́tò Fumie lórí pẹpẹ, ó sì fà sẹ́yìn wò ó. Kò rí nǹkan kan tó fẹ́ bú níbẹ̀, èyí tó ṣọ̀wọ́n.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹtàlá, ó dáná èèpo igi funfun lẹ́nu ọ̀nà bí gbogbo àdúgbò ti ń ṣe, kí àwọn tó ń bọ̀ lè fi èéfín mọ ilé. Ó ní, "Fumie, ibí ni. Wọlé." Ó bu omi pa iná, ó wọlé, aago márùn-ún sì ń lu.

Goma ti wà lórí pẹpẹ. Ó ti orí bọ àárín àwọn lílì, ó ń lá omi inú ìgò òdòdó, ó ń mu ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni tó sanwó rẹ̀.

Heizo gbé ọwọ́ sókè láti gbá a sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ náà dúró lókè. Èéfín èèpo igi ṣì wà nímú rẹ̀. Bí Fumie bá ti wọlé lóòótọ́, ìṣẹ́jú yìí náà ni. Ta ni ológbò yìí á kọ́kọ́ sáré lọ bá? Láyé Fumie, nínú ife Fumie gan-an ni Goma ti máa ń mumi, tí Heizo á máa pariwo lórí ẹ̀, tí Fumie á sì ní ọmọ òun ni, kò ní àrùn lẹ́nu. Heizo rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ó dáa, ẹ jọ máa mu ún," ló wí fún fọ́tò náà.

Goma mumi tán, ó já ṣóńṣó ewé lílì kan, ó rún un, ó tu díẹ̀ sílẹ̀, ó sì jókòó ti fọ́tò. Heizo kò lé e. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi jókòó síbẹ̀ tí kò fojú tín-ín-rín wo ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èébì ológbò ló kọ́kọ́ tẹ̀.

"O ti jẹ irun ara ẹ yó," ló wí. "Àgbàyà." Ó nu ún. Nígbà tó fi máa nu èkejì tán, ẹ̀kẹta ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin kùkúḿbà. Goma kò jẹ oúnjẹ. Heizo gbé ẹja gbígbẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀, irú èyí tó máa ń jí lórí tábìlì, Goma yíjú kúrò. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó lọ síbi abọ́ omi, ó mu, ó mu, ó tún mu, lẹ́yìn náà ló wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ, ó ká jọ síbẹ̀.

Heizo tẹ̀ ba, ó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà. "Jáde, ọ̀lẹ. Àlejò wà nílé. Ṣé báyìí lo ṣe fẹ́ kó bá ẹ?" Goma kò jáde. Heizo rántí ohun tí Fumie sọ nílé ìwòsàn, ara rẹ̀ sì tutù díẹ̀. Ó wá bú Goma sí i, kí ara náà lè gbóná padà.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, Ìyá Nezu kanlẹ̀kùn. Ó gbé àwo dání, ó to mánjù sórí rẹ̀, àkàrà òyìnbó kékeré tí wọ́n fi ẹ̀wà sí nínú, tí wọ́n sì dín nínú epo, oúnjẹ Obon. Ó wá kí Fumie.

"Bàbá Kurata, ẹ kú ìrántí o. Ẹ jẹ́ n wọlé, kí n kí i, kí n sun tùràrí ẹyọ kan."

Heizo dúró sí ojú ọ̀nà gbọnin. Ó ń rò ó bí obìnrin yìí á ṣe jókòó síwájú àwọn lílì náà, òun tó ń bu rọ́bà fún ọkọ tirẹ̀.

"Mo máa bá yín kí i," ló wí, ó sì gba àwo náà. "Ibẹ̀ kò tíì mọ́."

"Ibi tó bá jẹ́ tiyín kì í dọ̀tí." Ìyá Nezu kò bínú, ó ti mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ yí padà lọ, ni ìró kan bá wá láti inú ilé: bí ẹni tó fẹ́ bì, tí kò sí nǹkan tó máa jáde. Ó dúró. "Goma nìyẹn?"

"Irun ló jẹ."

"Bàbá Kurata, mo ti sin ológbò mọ́kànlá. Ìyẹn kì í ṣe ìró irun. Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀. Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

"Ẹ lọ gbé e wá. Mo ń lọ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀."

Heizo kò fẹ́ràn kí wọ́n máa pàṣẹ fún un lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀, pàápàá ẹni tí kò mọ lílì yàtọ̀ sí àlùbọ́sà. Ó ní kí ó máa lọ, pé òun á mójú tó ológbò òun. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó padà síbi ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó nawọ́, Goma kò sì ya á ní èékánná. Ohun tó bà á lẹ́rù nìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án, kò sí ọjọ́ kan tó fọwọ́ kan ẹranko yìí tí kò ya á ní èékánná. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó wá wọ bàtà, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Nezu pẹ̀lú Goma nínú báàgì ọjà. Ìyá Nezu ti jókòó sínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́. Kò sọ pé ṣe bí òun ti sọ. Heizo ìbá fẹ́ràn kó sọ ọ́, kó lè rí èsì fọ̀.

Dókítà ẹran tó wà ní Omachi ti lọ sílé fún Obon, nítorí náà Matsumoto ni wọ́n kọjú sí. Irun kún inú ọkọ̀ náà débi pé Heizo ń ṣà á kúrò lórí ṣòkòtò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọkọ̀ yìí náà tó ẹni tí wọ́n ń fún ní ẹja," ló wí.

"Ẹ fi sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣà á tán, ìjókòó ò ní í kù."

Ọmọbìnrin kékeré kan ni dókítà náà, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó ń jẹ́ Hamano, wọ́n sì ti kun irun rẹ̀ láwọ̀ oyin. Heizo wo irun náà, ó sì ti mọ̀ pé òfo ni wọ́n rìn. Dókítà Hamano tẹ Goma níkùn, ó wo ẹnu rẹ̀, ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó gbé e fún ẹnì kan pé kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá mú bébà kan jáde tí àwòrán òdòdó àti igi kún inú rẹ̀.

"Bàbá, ó jọ pé ó jẹ nǹkan. Èmi á máa pè é, ẹ̀yin á máa dáhùn. Lílì kankan wà nínú ilé?"

"Kò sí."

"Òdòdó tẹ́ ẹ gé sínú ìgò ńkọ́?"

"Mi ò kì í tọ́jú òdòdó sínú ilé. Ogójì ọdún ni mo fi tà á, o rò pé mo tún fẹ́ máa bá a sùn?"

Kò parọ́ lọ́kàn ara rẹ̀. Òdòdó ilé ni òdòdó tí èèyàn gbé sórí tábìlì kí àlejò lè yìn ín. Èyí tó wà níwájú Fumie, ti Fumie ni. Bí wọ́n bá bi èèyàn pé ìrẹsì mélòó ló kù nínú ìkòkò, kò sí ẹni tó ń ka èyí tí wọ́n ti bù síwájú òkú mọ́ ọn.

Dókítà náà ń bá bébà rẹ̀ lọ. Ó fi ìtàkùn kan tí ewé rẹ̀ ní àmì funfun hàn án, irú èyí tí wọ́n máa ń fi kọ́ ara ògiri.

"Ti ilé onígbàjámọ̀ nìyẹn," ni Heizo wí. "Ẹni tó bá ń gbin ìyẹn, omi ló fẹ́ máa bu sí nǹkan, kò fẹ́ òdòdó."

"Èyí ńkọ́?" Igi kékeré kan tó dà bí ọ̀pẹ ni.

"Ti àwọn tó lówó tí wọn ò ní làákàyè."

"Ó lóró gan-an fún ajá àti ológbò, Bàbá."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Nezu jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé báàgì ọjà náà lé ẹsẹ̀. Dókítà náà pe òdòdó tó máa ń tanná nígbà òtútù, ó pe òdòdó tí ìdí rẹ̀ dà bí àlùbọ́sà, tí àwọn Òyìnbó fẹ́ràn, ó pe igi ẹnu géètì tó máa ń yọ òdòdó aláwọ̀ ojú ọ̀run nígbà òjò. Kò sí èyí tí Heizo kò mọ̀, kò sì sí èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí fún, òun àti ẹni tó gbìn ín. Ó tiẹ̀ fẹ́ máa gbádùn ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí á mọ̀ lónìí pé àwọn ti pàdé ẹni tó mọ̀.

Wọ́n mú èsì ẹ̀jẹ̀ wọlé. Dókítà Hamano kà á, kò sì pe òdòdó kankan mọ́.

"Kíndìnrín rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀," ló wí. "Tí mi ò bá mọ ohun tó jẹ àti ìgbà tó jẹ ẹ́, mò ń ṣe é nínú òkùnkùn ni. Bàbá, ẹ rò ó dáadáa. Ẹ̀mí rẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Mo ti rò ó. Kò sí nǹkan."

Ìyá Nezu wá gbé ojú sókè. "Bàbá Kurata," ló wí pẹ̀lẹ́, "kí lẹ gbé síwájú Fumie?"

Heizo ya ẹnu láti dá a lóhùn, ó sì rí i fúnra rẹ̀: orí Goma láàárín àwọn ewé, ahọ́n rẹ̀ nínú omi, ọwọ́ tirẹ̀ lókè tí kò sọ̀ kalẹ̀ gbá a.

"Lílì," ló wí.

Dókítà Hamano gbé bébà náà kalẹ̀.

"Ṣùgbọ́n mo ti já lẹ́bú rẹ̀ kúrò. Gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi já a."

"Bàbá, kì í ṣe lẹ́bú nìkan," ni dókítà náà wí. "Ewé rẹ̀, igi rẹ̀, omi tó wà nídìí rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń pa ológbò. Ìgbà wo ló kàn án?"

"Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ àná."

Dókítà wo aago. Ó fẹ́ẹ̀ tó aago mọ́kànlá àárọ̀. "Wákàtí méjìdínlógún. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo máa ń sọ fún èèyàn pé kó lọ máa múra. Kò tíì jù bẹ́ẹ̀." Ó ti gbé Goma. "Ọjọ́ mẹ́ta ni a máa fi fa omi sí i lára láìdáwọ́ dúró. Tó bá ń tọ̀, ó máa yè. Tí ìtọ̀ bá dá, kò sóhun tí mo lè ṣe."

Ó gbé e wọ yàrá inú lọ. Heizo àti Ìyá Nezu nìkan ló kù, pẹ̀lú báàgì ọjà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́.

"Ohun tẹ́ ẹ sọ fún èmi náà nìyẹn," ni Ìyá Nezu wí.

"Kí ni?"

"Pé ẹ ti já lẹ́bú rẹ̀. Ọdún kejìlá rèé. Obon àkọ́kọ́ ọkọ mi. Mo ra igi márùn-ún lọ́wọ́ yín. Mo ní, 'Ọ̀gá, mo ní ológbò nílé, ṣé kò ní í ṣe é ní nǹkan?' Ẹ ní kí n máa gbé e lọ, ẹ ti já a. Ẹ tún ní ológbò tó ní làákàyè kì í jẹ òdòdó." Ó ṣẹ́ báàgì náà po sí méjì, ó tún ṣẹ́ ẹ po. "Chibi lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló kú."

Heizo wá ẹ̀rí nínú orí ara rẹ̀ pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀, kò rí i. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni. Ó tilẹ̀ rántí pé ó máa ń dùn mọ́ òun láti sọ ọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ta ló máa ń sọ nǹkan fún yín?"

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń jà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ọ̀nà kan ti dí, kí wọ́n gba ibòmíràn.

"Fumie ni mo sọ fún," ló ń bá a lọ. "Ó sunkún ju mí lọ. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra lílì ní ṣọ́ọ̀bù yín, tẹ́ ẹ bá ti yíjú, á bi í pé ṣé ó ní ológbò nílé. Tó bá ní, á rọra gbé òdòdó míì lé e lọ́wọ́. Mo rò pé ẹ̀ ń rí i."

Heizo kò rí i. Ohun tó rí ni pé ìyàwó òun kò mọ ọjà tà, pé ó máa ń fi òdòdó pọ́ọ́kú rọ́pò èyí tó dára lọ́wọ́ oníbàárà, ó sì ti bá a wí lórí ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Nǹkan mìíràn tún wá tò jọ lórí rẹ̀, láìjẹ́ pé ó fẹ́. Ọdún tí Goma dé ni Fumie bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òórùn lílì ń fa ẹ̀fọ́rí fún òun, kó má gbé e wọlé mọ́. Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Ó ní irú ìyàwó olódòdó wo rèé tí òdòdó ń fọ́ lórí. Fumie sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, orí òun ò dáa. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń gbé ẹ̀fọ́rí tí kò ní kiri nínú ilé, nítorí pé ó rọrùn ju kó sọ fún Heizo Kurata pé ó ṣìnà.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi padà, Heizo kò ṣa irun kankan kúrò lára aṣọ rẹ̀.

Nígbà tó dé ilé, ó kó lílì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kúrò níwájú Fumie. Ó mọ̀ pé wọn kì í kó òdòdó kúrò níwájú òkú kí Obon tó parí, ó mọ ohun tí àwọn èèyàn á sọ. Ó fi ìwé ìròyìn wé wọn, ó sọ wọ́n sínú pàǹtírí, ó fọ ìgò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Iwájú fọ́tò náà wá ṣófo, bí ẹnu ẹni tó ti yọ eyín.

Ọjọ́ kejì, dókítà náà pè pé Goma ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀, pé kò tíì tó, pé ọ̀la ni wọ́n máa mọ̀. Lẹ́yìn tó gbé fóònù kalẹ̀, Heizo wo iwájú pẹpẹ títí. Ó wá jáde, ó lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Nezu.

"Òdòdó yín yẹn," ló wí. "Ṣé ẹ ní òmíràn?"

Ìyá Nezu wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ti rọ́bà?"

"Ẹ ní òmíràn ni?"

Ó wọlé, ó mú ìdì kan jáde, funfun àti pupa, ewé rẹ̀ aláwọ̀ tútù kan tí kò sí nínú oko ẹnikẹ́ni. Heizo gbà á bí ẹni tí wọ́n gbé ẹja òkú fún.

"Èyí tí kò burẹ́wà jù nìyí?"

"Èyí tó rẹwà jù nìyẹn. Èyí tó kù wà lọ́dọ̀ ọkọ mi, kì í ráhùn."

"Ẹ wọ bàtà yín," ni Heizo wí. "Ẹ wá kí Fumie. Mo ti jẹ mánjù yín tán, iyọ̀ ò tó nínú àpòpọ̀ rẹ̀."

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni àwọn òkú ń padà. Nígbà tí oòrùn ń lọ sẹ́yìn òkè, àwọn ará àdúgbò ti jáde sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń sun èèpo igi, èéfín ń lọ sókè láti ilé dé ilé. Èèpo igi ti Heizo wà nílẹ̀ lórí àwo, ìṣáná wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ṣá a. Nínú ilé, màlúù ìkàn náà dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó kọjú síta. Heizo ti wò ó lọ́pọ̀ ìgbà lọ́jọ́ náà. Ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ó fẹ̀ tó ibi tí èèyàn àti ológbò lè jókòó sí pọ̀.

Àlùfáà tẹ́ḿpìlì ń kọjá lọ. "Bàbá Kurata, ilé tiyín nìkan ló kù o. Ìyàwó yín á ti máa dúró."

"Jẹ́ kó dúró," ni Heizo wí. "Ó ti dúró dè mí rí ju báyìí lọ. Ẹ lọ máa to òdòdó yín sí àárín."

Àlùfáà náà lọ, kò mọ ohun tí òdòdó ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Nezu ti bu omi pa iná tirẹ̀, ó dúró sẹ́nu géètì rẹ̀. Fóònù dún nínú ilé. Heizo ò mọ bó ṣe dé ibẹ̀.

"Bàbá, Hamano ni. Mo kàn ní kí n sọ fún yín pé ológbò yín ti tọ̀ sí mi lára. Ó tọ̀ sórí tábìlì, ó tọ̀ sí mi láṣọ, mo gbé e sílẹ̀, ó sì tọ̀ sínú bàtà mi. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń padà sípò. Ó ya olùrànlọ́wọ́ mi ní èékánná pẹ̀lú."

"Olè ni," ni Heizo wí. Ó tún un sọ. "Olè ni. Ẹ má fi ẹja sí ibi tó ti lè rí i." Ó wá ní, "Ẹ ṣeun, Dókítà."

Ó jáde. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo náà, ó ṣá ìṣáná, èèpo igi sì gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń ta pàrà pàrà.

"Fumie," ló wí sínú èéfín náà, "o lè máa lọ. Ìwọ nìkan o."

Ó dúró títí iná fi kú. Nígbà tí Ìyá Nezu wọlé wá láti gbọ́ ohun tí dókítà sọ, Heizo ti wà níwájú pẹpẹ. Ó mú sísọ́ọ̀sì iṣẹ́ rẹ̀ dání, èyí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn ní ogójì ọdún, ó ń fi gé ìdí òdòdó rọ́bà náà ní ìdàgbẹ̀ẹ́gbẹ́, igi kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti ń gé òdòdó gidi kó lè mumi, ó ń gbé èyí tó ga jù kúrò ní àárín.

"Ẹ ti ń gé e," ni Ìyá Nezu wí. "Kì í mumi, Bàbá Kurata."

"Mo mọ̀," ni Heizo dáhùn, kò wẹ̀yìn. "Ẹni tó ṣe é ni kò mọ bí òdòdó ṣe ń dúró."